Ẹ Fi Àkọ̀ Bo Ẹ̀rọ, Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Òṣìṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

   

Nígbà tí alága sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ààbò àti ìlera ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí n bá yín sọ, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn léèrè pé, kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ? Ìdáhùn mi kò gùn. Ta ni ó wà ní ìdí àwọn ẹ̀rọ tí ń dún ní Ìkẹjà, ní Ìkòròdú, ní Ọ̀tà, ní Ṣágámù àti ní Ìbàdàn? Ọmọ yín ni. Ọmọ tí ẹ fi owó kòkó, owó ẹ̀gẹ́ àti owó epo rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni. Òun ni ó ń yọ́ irin, òun ni ó ń ṣe ike, òun ni ó ń hun aṣọ, òun ni ó sì ń di oúnjẹ sínú agolo. Bí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ ọmọ náà ní ìlú ńlá, abúlé ni wọn yóò gbé e padà wá, ẹ̀yin tí ẹ ti darúgbó ni ẹ óò sì tún máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ike ni a ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí ó ní irin roboto méjì tí ń yí kọjú sí ara wọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra nǹkan. Nígbà tí wọ́n kó ẹ̀rọ náà dé, irin kan wà lára rẹ̀ tí a fi bò ó, kí ọwọ́ ènìyàn má baà lè dé ibi tí ó ti ń yí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tú irin náà kúrò, wọ́n gbé e jù sí ẹ̀yìn ilé, nítorí pé bí a bá ní láti ṣí i kí a tó nu ẹ̀rọ, iṣẹ́ a máa falẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, nígbà tí oorun ń kun gbogbo wa, ike há sí ẹnu ẹ̀rọ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan na ọwọ́ láti fà á jáde. Ẹ̀rọ mú apá ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. A sáré láti lọ pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí a fi ń pa á wà ní òdìkejì, lẹ́yìn àwọn àpò ọjà tí wọ́n tò jọ bí òkè. Kí a tó dé ibẹ̀, ìka mẹ́rin ti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóómàn wa kó wa jọ. Ó ní, “Orí rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀. Ohun tí a ti kọ mọ́ ọn ni. Kò sí ẹni tí ó lè kọjá àyànmọ́.” Gbogbo wa mi orí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fi ọmọkùnrin mìíràn sí ìdí ẹ̀rọ náà. Irin ìbòrí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n jù ú sí. Èmi náà wà lára àwọn tí ó mi orí, títí di òní yìí ni ojú sì ń tì mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá síhìn-ín nìyí: ìjàǹbá yẹn kì í ṣe àyànmọ́. Bí ó bá jẹ́ àyànmọ́ ni, èé ṣe tí àwọn tí wọ́n rọ ẹ̀rọ náà fi rọ ìbòrí mọ́ ọn? Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnu rẹ̀ bá là sílẹ̀, ọwọ́ ènìyàn yóò wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó tú u kúrò ni ó ṣí ẹnu ọ̀nà fún ìjàǹbá. Àwọn baba wa kò sì sọ fún wa pé kí a káwọ́ gbera kí a máa retí ibi. Wọ́n ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Wọ́n tún ní, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọdẹ, ẹ dá mi lóhùn. Ọ̀bẹ mímú tí ẹ ń dè mọ́ ìbàdí lọ sínú igbó, inú kí ni ó ń wà? Inú àkọ̀ ni. Ṣé nítorí pé ọ̀bẹ náà kò wúlò ni ẹ ṣe kì í bọ́ ọ? Rárá o. Ó wúlò, ó sì mú, ìdí nìyí tí ẹ fi rán àkọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá dì í ní ìhòòhò mọ́ ìbàdí, tí ó sì gún ara rẹ̀ nítan, kò sí ẹni tí yóò sọ pé Ògún ni ó bínú sí i. Ohun tí àkọ̀ jẹ́ fún ọ̀bẹ ni ìbòrí jẹ́ fún ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì tí ń sáré, irin tí ń yí, ayùn tí ń la gẹdú, abẹ tí ń gé bébà, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ ní àkọ̀ tirẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan wà tí ó jẹ́ pé, bí o bá bá wọn sọ̀rọ̀ ààbò, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ni ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti akoto. Wọn yóò há a fún òṣìṣẹ́, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò sì wí pé àwọn ti ṣe tiwọn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára, n kò sọ pé kí a má lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ihò bá wà ní ojú ọ̀nà oko yín, ǹjẹ́ ẹ óò wulẹ̀ máa sọ fún ọmọ pé kí ó máa fò ó bí? Ẹ óò dí i ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò ààbò ti rí. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mú ewu kúrò pátápátá bí ó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ìbòrí, ògiri tàbí ẹ̀rọ tí ń fa eruku ya òṣìṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ewu náà. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó ètò iṣẹ́, kí a sì kọ́ ènìyàn. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó kẹ́yìn ṣe àkọ́kọ́, ẹrù tí ó yẹ kí ó wà ní orí ọ̀gá ni ó gbé lé òṣìṣẹ́ lórí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ sọ ni ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná ṣẹ́ ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Triangle, tí ń rán ẹ̀wù àwọn obìnrin. Àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ilé gíga kan ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀ mìíràn wá wá oúnjẹ òòjọ́. Ilẹ̀kùn kan wà ní àjà kẹsàn-án tí wọ́n ti pa, nítorí wọ́n fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, kí a lè máa yẹ àpò wọn wò, kí wọn má baà jí aṣọ. Nígbà tí iná dé, ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Àtẹ̀gùn irin tí ó wà lẹ́yìn ilé wó lulẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ń sá bọ̀ lórí rẹ̀. Àkàsọ̀ àwọn panápaná kò ga ju àjà kẹfà lọ. Àwọn ọmọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ láti ojú fèrèsé. Ènìyàn 146 ni ó kú nínú iná náà, kò sì gba ìdajì wákàtí.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn olówó ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn pé èló ni iye ọjà tí àwọn òṣìṣẹ́ jí. Ó gbà pé kò ju dọ́là 25 lọ. Ẹ gbọ́ o! Nítorí dọ́là 25 ni wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn olówó náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò dákẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yí ìgboro ká, ìjọba New York sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ wò, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ọ̀nà àbáyọ, lórí ìdánrawò iná àti lórí ohun tí a fi ń pa iná. Obìnrin kan wà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí iná náà láti ìsàlẹ̀, Frances Perkins ni orúkọ rẹ̀. Ó bá ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1933, òun ni ó di mínísítà fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ mínísítà ní ilẹ̀ náà.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, àti pé ilẹ̀ òkèèrè ni. Ó mà ṣe o! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ní agbègbè Ìkòròdú níhìn-ín, iná jó ilé-iṣẹ́ kan ní òru. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò jáde mọ́ láàyè. Ọdún 91 ni ó wà láàárín iná ti New York àti iná ti Ìkòròdú, àgádágodo kan náà ni ó sì pa àwọn méjèèjì. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé àyànmọ́ ni?

Mo mọ̀ pé olè jíjà wà, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tí ẹni tí ó wà níta kò lè ṣí, tí ẹni tí ó wà nínú kàn lè fi ọwọ́ tì kí ó sì ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́. A lè so agogo mọ́ ọn, kí ó máa dún bí ẹnikẹ́ni bá gba ibẹ̀ jáde. A lè gba ọlọ́dẹ sí ìdí rẹ̀. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a ti ènìyàn mọ́lé pẹ̀lú iná mànàmáná, epo àti ike, kí a sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé àgádágodo kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹni tí yóò nu ẹ̀rọ tàbí tí yóò tún un ṣe a kọ́kọ́ pa á, a gé iná rẹ̀ kúrò láti ìdí, a fi àgádágodo tirẹ̀ tì í níbẹ̀, a kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, a sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ara rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wà nídìí iṣẹ́ náà, àgádágodo mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ṣèèṣì tan ẹ̀rọ náà nígbà tí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó, àgádágodo ni ó pa èyí, àgádágodo ni ó gba èyí là. Ibi tí a fi í sí, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ìyàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ewu ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀. Òmíràn wà tí ń jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti ń jẹ igi. Àwọn tí ń ran òwú ní ilé-iṣẹ́ aṣọ mọ èyí tí mò ń wí. Bí eruku òwú bá ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró fún ọdún púpọ̀, òṣìṣẹ́ yóò rí i pé bí ó bá sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀, àyà rẹ̀ a fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, àyà a tún há gádígádí. Àwọn kan yóò sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Eruku ni, ẹ̀rọ tí ń fa eruku ni oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ariwo. Àwọn onímọ̀ sọ pé ariwo tí ó bá tó ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè di etí ènìyàn bí ó bá pẹ́. Ẹ kò nílò ohun ìwọ̀n kankan láti mọ̀ ọ́n: bí o bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ rẹ lè kàn tó gbọ́ ọ, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Etí tí ó bá sì ti lọ báyìí kì í padà.

Ẹ tún wo òjé, tí a fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń yọ́ ọ, èéfín àti eruku rẹ̀ a máa wọ ara òṣìṣẹ́. Kò mọ síbẹ̀. Bí baba bá wọ aṣọ iṣẹ́ náà délé, tí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, eruku òjé ni ó ń fún ọmọ náà fà sínú, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé ìwẹ̀ àti ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹun ní ìdí iṣẹ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ̀yin kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹ rántí Gammalin 20, tí àwọn baba wa ń fín sí kòkó? Oògùn tí ó wà nínú rẹ̀, lindane, wà lára àwọn èyí tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm kà sí májèlé tí ó yẹ kí a pa rẹ́, láti ọdún 2009. Bí ó ti pa kòkòrò ni ó ń wu ẹni tí ń fín in léwu. Oko náà, ibi iṣẹ́ ni.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí òfin wí, nítorí àìmọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn máa tọrọ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1955 ni a ti ṣe òfin lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà. Òfin tí à ń lò nísinsìnyí ni èyí tí a ṣe ní ọdún 1987. Òfin yìí sọ pé kí a fi ìbòrí bo gbogbo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Ó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, a kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tí ó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ó sọ pé kí omi mímu wà, kí ibi ìwẹ̀ wà, kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà. Ó sọ pé kí a má fi ẹni tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ eléwu láìsí ẹni tí yóò máa mójú tó o. Bí ìjàǹbá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí tí kò bá jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, dandan ni kí wọ́n fi tó alábẹ̀wò ìjọba létí.

Òfin mìíràn wà tí a ṣe ní ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa, tàbí tí iṣẹ́ bá kó àìsàn bá. Ọ̀gá ni ó ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ọ̀yà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. A kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, tàbí ìdílé rẹ̀ bí ó bá kú, gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọjọ́ 14 yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni yóò gba àpò ìrẹsì kan àti ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀, tí wọn yóò dọ̀bálẹ̀ tí wọn yóò dúpẹ́, tí wọn kò sì mọ̀ pé owó ẹ̀tọ́ ń bẹ níbìkan.

Ẹ̀tọ́ kan tún kù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ní ilẹ̀ Bangladesh, àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ rí i pé ògiri ilé tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza ti sán. Báǹkì àti àwọn ilé ìtajà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà kò ṣí ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ wọlé. Wọ́n wọlé, nítorí ẹ̀rù owó oṣù ń bà wọ́n. Ilé náà wó, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100. Ojú òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí ewu, ẹnu rẹ̀ ni wọn kò gbà gbọ́. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé kan láti ọdún 1994, èyí tí ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí ó bá kúrò ní ibi tí ó ní ìdí gidi láti gbà pé ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọdún 2022, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́ ka ibi iṣẹ́ tí kò léwu mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ayé.

Ǹjẹ́ kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má dá nìkan lọ bá ọ̀gá. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹ ní kí a yan ìgbìmọ̀ ààbò, tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ yóò jọ wà nínú rẹ̀, tí yóò máa yí ilé-iṣẹ́ ká lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ ní ìwé kan níbi tí a óò máa kọ ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọwọ́ lónìí yóò gé e lọ́la. Kí ẹ jọ máa ṣe ìdánrawò iná, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru pàápàá. Kí a kọ ìkìlọ̀ ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́. Kí a má yọ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ sílẹ̀, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń fi sí ìdí ẹ̀rọ tí ó burú jù. Ẹ̀yin náà, bí a bá ti fi ìbòrí sí ẹ̀rọ, ẹ má tú u. Òfin kan náà tí ó dè ọ̀gá ni ó dè yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, bí ìwé ìròyìn yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má sọ pé owó ààbò pọ̀ jù. Ẹ ṣírò iye ọjọ́ tí iṣẹ́ fi dúró lẹ́yìn ìjàǹbá, owó dókítà, owó ẹni tuntun tí ẹ óò kọ́, ọjà tí ó bàjẹ́, àti ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù ń bà. Irin ìbòrí tí wọ́n jù sí ẹ̀yìn ilé ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti san owó rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí a fi ìdè mẹ́rin dè é padà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní abúlé, iṣẹ́ kan wà fún yín. Bí ọmọ bá wá kí yín ní ọdún, ẹ má bi í léèrè owó oṣù nìkan. Ẹ bi í pé: “Ẹ̀rọ tí o wà nídìí rẹ̀, ǹjẹ́ ó ní ìbòrí? Bí iná bá ṣẹ́ lóru, ibo ni ìwọ yóò gbà jáde? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?” Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó padà lọ béèrè. Kí ẹ sì yẹ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní àárín abúlé wò pẹ̀lú. Bẹ́líìtì rẹ̀ ń sáré ní ìhòòhò, àwọn ìyá wa sì ń tẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú gèlè àti ìró. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ kí ó rọ àkọ̀ fún un kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé.

Mo ti sọ fún yín pé ojú ń tì mí nítorí pé mo mi orí nígbà tí fóómàn pe ìjàǹbá ọ̀rẹ́ mi ní àyànmọ́. Ọ̀rẹ́ mi náà padà sí abúlé, ó sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ro oko. Ohun tí ẹ lè fi gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú yìí ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá tún kó yín jọ lẹ́yìn ìjàǹbá, tí ó ní orí ni ó gbé e débẹ̀, kí ẹ má mi orí. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Níbo ni ìbòrí ẹ̀rọ náà wà?”

Ìlera ni oògùn ọrọ̀.  Bí ẹ ti lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́la, pípé ni ẹ óò padà wálé, tọwọ́ tẹsẹ̀.